Òrí, jẹ́lì àbí ìpara inú tùúbù: èwo ni kí ẹni tó ní àléfọ́ lójú rà?

Ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹni tí àléfọ́ ń bá fínra lójú máa ń sáré lọ sọ́dọ̀ olóògùn, nítorí pé ìgbà náà ni ẹ̀bá imú, ìpéǹpéjú àti abẹ́ ètè máa ń gbẹ, tí wọ́n á máa bó wẹ́wẹ́ bí ẹni pé wọ́n bu ẹfun lù wọ́n, tí yíyún rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ènìyàn sùn. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àléfọ́ kì í sábà pọ́n. Ńṣe ló máa ń ṣú tàbí kó rí bí eérú. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, torí àpá dúdú tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń wá ohun tí yóò bó o kúrò, wọn kò wá ohun tí yóò mú kí awọ náà sinmi. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú oníbàárà: òrí, jẹ́lì tí gbogbo wa ń pè ní Vaseline, àti ìpara inú tùúbù.

Òrí àti jẹ́lì kò wo àléfọ́ sàn; omi tó wà nínú awọ ni wọn kì í jẹ́ kó sá lọ, bẹ́ẹ̀ omi yìí gan-an ni awọ alálèéfọ́ kì í lè dá dúró. Nínú iṣẹ́ yìí, jẹ́lì ló lágbára jù. Láti ọdún 1872 tí Robert Chesebrough ti gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń lò ó, ó sì ṣọ̀wọ́n kó bá ẹnikẹ́ni lára jà, bí ó bá jẹ́ èyí tí wọn kò fi òórùn dídùn sí. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ni lójú, ó ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n da epo lé, kò sì rọrùn nígbà ooru. Òrí ní tirẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òrí ọjà kì í ṣe ohun kan náà níbi gbogbo. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tó wá láti Ṣakí tàbí ibòmíràn ní Òkè Ògùn, ẹ bu ìwọ̀n ẹ̀wà kan sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ìka rà á: ó yẹ kó yọ́ láìpẹ́, kó máa rùn díẹ̀ bí èéfín, kí ìka má sì kan iyanrìn nínú rẹ̀. Èyí tó ti kan, tàbí tó ń rùn bí lọ́fínńdà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Èmi fẹ́ràn òrí, ṣùgbọ́n bí awọ bá ti là, tó ń ta ènìyàn, jẹ́lì ni mo máa ń mú. Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bọ́jú, ẹ fi aṣọ tẹ omi rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi í pa á nígbà tí ojú ṣì tutù.

Orí tùúbù ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Ní àdúgbò mi, olóògùn kan ta ọ̀kan fún mi, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Lóòótọ́, ní ọjọ́ kẹta, ojú mi mọ́ kedere, mo sì ń fi í pa ojú lọ fún oṣù méjì. Ọ̀sẹ̀ tí mo dá a dúró ni ojú mi gbóná janjan, tí irorẹ́ kéékèèké yọ yí ẹnu mi ká. Nígbà tí mo ka ohun tí wọ́n kọ wínníwínní sára páálí rẹ̀, mo rí clobetasol, sítẹ́rọ́ọ̀dù (oògùn tó ń mú kí wíwú àti yíyún awọ rọlẹ̀) tó wà lára àwọn tó lágbára jù, tí kò sì yẹ kó dé ojú. Betamethasone náà lágbára, wọ́n sì máa ń pò ó mọ́ oògùn làpálàpá àti oògùn apakòkòrò nínú tùúbù kan náà. Bí irú wọn bá pẹ́ lójú, wọ́n máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n lè mú kí ó funfun ní ibì kan ju ibòmíràn lọ, wọ́n sì lè ṣe ìpalára fún ẹyinjú bí wọ́n bá ń kan ìpéǹpéjú. Hydrocortisone 1% ni kò le jù nínú wọn, síbẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà kì í ṣe fún ojú rárá.

Ìpara àléfọ́ kan tó ń jẹ́ tacrolimus wà pẹ̀lú, tí kì í ṣe sítẹ́rọ́ọ̀dù, tí kì í sì í sọ awọ di fẹ́lẹ́, 0.1% ni ti àgbà, 0.03% ni ti ọmọdé tó ti pé ọdún 2. Ó máa ń ta ènìyàn bí ata ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, owó rẹ̀ sì ga. Dókítà awọ ni kó kọ ọ́ fún yín.

Ní ti ọṣẹ, ọṣẹ dúdú tí a bọ̀wọ̀ fún kò bá àléfọ́ ojú rẹ́, nítorí eérú tí a fi ṣe é máa ń fa ọ̀rá awọ kúrò. Ìpara ọmọ ọwọ́ tó ń ta sánsán kò sàn jù ú. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ imú àti irun òkè ojú nìkan ló ń bó, tí ìpẹ́ rẹ̀ ń lẹ̀ bí epo, tí orí náà sì ń bó, ó lè má jẹ́ àléfọ́ tí mò ń wí yìí. Ketoconazole 2%, oògùn tó ń pa kòkòrò bíi ti làpálàpá, ni dókítà sábà máa ń kọ fún irú rẹ̀. Ibi tó bá ń sun omi tó rí bí oyin tàbí tó wú ròrò pẹ̀lú ibà kò nílò ọjà kankan ju ilé ìwòsàn lọ.

Ike kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ fi díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́ fún ọjọ́ méjì kí ó tó dé ojú.