ÌKÌLỌ̀ O: Àgádágodo kẹ̀kẹ́ "Gold" tí wọ́n ń tà ní Àbújá, ẹ má fowó yín rà á

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní Àbújá (kì í ṣe kẹ̀kẹ́ NAPEP ni mò ń wí), bí ẹnikẹ́ni bá na àgádágodo dúdú kan sí yín nínú páálí aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n lẹ sítíkà wúrà mọ́ ọn pé "Gold", tí wọ́n sì kọ "Security Level 12" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ dá a padà fún un kíá. ₦18,000 ni mo ra tèmi. Kẹ̀kẹ́ tí mo fi í tì, ₦145,000, tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní. Wọ́n ti gbé e lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọmọ Yorùbá ló tà á fún mi. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú ọjà, mò ń fi Hausa jágajàga mi béèrè iye, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó jàre, ilé náà ni." Èèyàn tó bá ti pẹ́ nílùú yìí mọ bí ara ṣe máa ń rọni nígbà tí a bá ṣàdédé gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní pure water tútù. Ó bi mí pé ará ibo ni mí, mo ní Ìkìrun, ó ní háà, ìyá bàbá òun gan-an, Ìkìrun ni! Ó wá gbé àgádágodo náà, ó fi lu bẹ́ǹṣì gbòà, ó ní kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. "Irin òyìnbó nìyí, ẹ̀gbọ́n. Gold ni. Kò sólè tó máa rí i tí ò ní kọjá."

Mo sì bi í pé ta ló fún un ní Gold ọ̀hún. Mo bi í o! Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ níbí pé n ò béèrè. Ó ní wọ́n ti dán an wò ní London. Kí ni kí n tún ṣe? Kí n wọ bàálù lọ London lọ wádìí ọ̀rọ̀ àgádágodo? Mo sanwó. Mo tún fi ₦500 lé e pé kó fi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ̀rín ń pa mí báyìí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

Kẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe ti afẹ́ o. Àtìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni owó ọkọ̀ ti di ohun tí a ń fi àdúrà san, ọ̀kadà sì ti di èèwọ̀ láàárín ìgboro Àbújá láti 2006. Láti Dúrúmì sí Area 11, kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Mo dé báǹkì kan, mo so ó mọ́ irin ọgbà níwájú ibẹ̀, lójú gbogbo ayé, ojú ọ̀nà ńlá, máígáàdì wà níbẹ̀, ọlọ́sàn wà níbẹ̀. Mo wọlé, mo tò. Ìgbà tí mo jáde, àgádágodo wà nílẹ̀, ó ti là sí méjì. Kẹ̀kẹ́ ò sí.

Ọlọ́sàn yẹn rí wọn. Ó ní ọmọkùnrin méjì ni, wọ́n wọṣọ dáadáa, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín pé àwọn sọ kọ́kọ́rọ́ àwọn nù ni, wọ́n sì fa irin kan yọ nínú báàgì. Ó ní ọsàn tí òun ń bó lọ́wọ́, òun ò tíì bó o tán tí wọ́n fi lọ. Ọsàn kan ṣoṣo! "Level 12"! Mo wọlé padà pé kí báǹkì jẹ́ kí n wo kámẹ́rà wọn, wọ́n ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Mo dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní rìsíìtì kẹ̀kẹ́ dà. Tòkunbọ̀ tí mo rà lẹ́bàá ọ̀nà, rìsíìtì wo? Ọ̀gá kan tún bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé àgbàlagbà bíi tèmi, kí ló ń fi kẹ̀kẹ́ ọmọdé ṣe. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ìyàwó mi.

Mo gbé àgádágodo náà lọ bá wẹ́dà kan ládùúgbò wa. Ó fi ọ̀bẹ bó rọ́bà ara rẹ̀. Rọ́bà yẹn ló nípọn! Irin tó wà nínú rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, mílímítà 8 péré. Ó mú fáìlì, ó fi ha á, fáìlì ń wọnú irin bí ẹni ń ha ọṣẹ. Ó ní irin tí wọ́n bá fi iná mú le, fáìlì á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni, kò ní jẹ ẹ́. Ó tún fi ojú ibi tí wọ́n ti gé e hàn mí: ó rí ṣóńṣó, wọ́n fún un pa láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ní bolt cutter ni, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gé irin, kékeré sì ni pẹ̀lú, pé ká ní mẹ́ṣíìnì fáìlì ni wọ́n lò ni, ojú rẹ̀ ìbá tẹ́ pẹrẹsẹ, iná ìbá sì ti jó o dúdú. Ìyẹn ni pé àwọn olè ò tilẹ̀ ṣe wàhálà kankan. Èmi ni mo ṣe wàhálà.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá wo ẹni tó pè mí ní ẹ̀gbọ́n! Kò gbọ́ Yorùbá mọ́, òyìnbó ló ń sọ sí mi. Ó ní ṣé òun lòun jí kẹ̀kẹ́ mi ni, pé òun kọ́ lòun kọ Gold sí i, bí wọ́n ṣe gbé e wá lòun ṣe ń tà á. Ó ní kí n kúrò níwájú ọjà òun, mò ń lé oníbàárà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló kúkú ń gbé. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó yí i ká ń wò mí bíi wèrè, ẹnì kan ò sì sọ pé "Bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́."

Mo wá jókòó tì íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìbínú. Gold gidi wà. Àjọ kan tó ń jẹ́ Sold Secure ló ń fúnni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà, láti 1992 ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á kó irinṣẹ́ olè jọ, wọ́n á máa fi gé àgádágodo, wọ́n á fi fọ́ ọ, aago á sì máa kà. Bronze ló kéré jù, Silver tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Gold, Diamond ló ga jù. Ti kẹ̀kẹ́ ológeere lọ́tọ̀, ti alùpùpù lọ́tọ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ àti orúkọ àgádágodo gbogbo tó bá yege wà lójú òpó wọn, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Àwọn ará Netherlands náà ní tiwọn, ART, ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń kà á, ọ̀kan sí márùn-ún. Nọ́ńbà tó wà lára páálí ńkọ́? Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ọjà ara rẹ̀. ABUS ti Jámánì fi 15 ṣe òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún, Kryptonite ti Amẹ́ríkà ń kà tirẹ̀ dé 10, nítorí náà 9 ti eléyìí kì í ṣe 9 ti tọ̀hún. Èwo wá ni 12 tèmi? Orúkọ ilé iṣẹ́ kankan ò sí lára páálí yẹn. Mo yí i síwá sẹ́yìn, kò sí! Ó yẹ kí n ti rí ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbà, àmọ́ ta ló ń ka ẹ̀yìn páálí nígbà tí ọmọ ìlú rẹ̀ ń fún un lómi mu?

Ilé iṣẹ́ gidi náà máa ń kọsẹ̀ o. Ní 2004, àwọn èèyàn rí i ní Amẹ́ríkà pé bírò Bic lásán ń ṣí àwọn àgádágodo Kryptonite kan tí ojú kọ́kọ́rọ́ wọn rí róbótó. Kí ni ilé iṣẹ́ náà ṣe? Ó bá àwọn oníbàárà pààrọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó pààrọ̀ wọn! Tèmi ní kí n má lé oníbàárà òun.

Ẹ má bá mi sọ pé kì í ṣe gbogbo òǹtajà. Bátìrì fóònù tí mo rà lọ́dún tó kọjá, ayédèrú. Sháńjà, ayédèrú. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ní "oríjínà ni".

Ẹ ṣáà ṣe báyìí, mi ò lágbára àlàyé púpọ̀: ẹ tẹ orúkọ àgádágodo náà sójú òpó Sold Secure kí ẹ tó sanwó, níwájú ẹni tó ń tà á. Kò sí orúkọ, kò sí owó. Ẹ mú fáìlì kékeré dání. Èyí tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U ni kí ẹ rà, kí irin rẹ̀ tó mílímítà 13, kó má sì tóbi jù, nítorí àyè tó ṣófo nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń ki irin bọ̀ láti fi fọ́ ọ. Wáyà, rárá, kódà kí ó nípọn. Ẹ so férémù pọ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn, ẹ má so táyà iwájú nìkan. Òpó tí wọ́n lè gbé kẹ̀kẹ́ gba orí rẹ̀ yọ kì í ṣe òpó. Mẹ́ṣíìnì fáìlì oníbátìrì lè gé ọ̀pọ̀ nínú wọn, kódà Gold gidi, àmọ́ ariwo rẹ̀ á kó èèyàn jọ. Ẹ gba rìsíìtì.

Páálí búlúù yẹn ṣì wà lójú wíńdò rẹ̀ títí di àná, ó ti fi owó lé e, ₦22,000. Kẹ̀kẹ́ mi, aláwọ̀ ewé ni, wáyà ni mo fi so máàdígáàdì ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò dún. Bí ẹ bá rí i ní Dúrúmì, Gúdù tàbí Àpò, ẹ má bá ẹni tó ń gùn ún jà o, ó lè jẹ́ pé òun náà rà á ni. Ẹ kàn fi tó mi létí.