Emacs nílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé: ibi tí `:type` ti wúlò, àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ là ń tẹ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀. Emacs, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ àti kóòdù, la fi ń kọ ọ́. Bóyá ó dára fún ìwé kíkọ? Ó dára, kí n má fa ìyẹn gùn. Ọ̀rọ̀ `defcustom` ni mo bá wá.

Bí èèyàn bá kọ kóòdù tirẹ̀ sí Emacs, `defcustom` ló fi ń ya sẹ́tíǹgì tí ẹlòmíì lè yí padà sọ́tọ̀, `:type` ló sì fi ń sọ irú ohun tí ibẹ̀ máa gbà. `integer` kò gbà ju odidi nọ́ńbà lọ. `boolean` máa gbé bọ́tìnnì Toggle síwájú ẹni. `repeat` máa gbé INS àti DEL wá, kí èèyàn lè fi kún àkójọ tàbí kó yọ nínú rẹ̀.

`choice`, tó ń jẹ́ kí èèyàn mú ọ̀kan nínú ohun tí a tò sílẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀ka kan lè ní APA làwọn fẹ́, òmíì á ní MLA (ìlànà ìtọ́kasí ìwé ni méjèèjì), ni mo bá kọ èyí:

```
(defcustom iwe-itokasi 'apa
  "Ìlànà ìtọ́kasí tí ẹ̀ka náà ń lò."
  :type '(choice (const :tag "APA" apa)
                 (const :tag "MLA" mla)
                 (string :tag "Òmíràn, ẹ kọ ọ́ síbí"))
  :group 'text)
```

Ẹ wò ó, `:tag` gba Yorùbá tàmìtàmì! Àbúrò tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kò gbọ́ Lisp, èdè tí a fi ń kọ kóòdù Emacs, rárá. Ó pe `customize-variable`, àṣẹ tó ń ṣí ojú ewé Customize tí a ti ń yí sẹ́tíǹgì padà, ó tẹ Value Menu, ó mú MLA, ó fi pamọ́. "Àǹtí, ṣé ó ti tán náà nìyẹn?" Ó ti tán. Lọ́jọ́ tó kọ "ọgọ́rin" sí `fill-column`, sẹ́tíǹgì ibi tí ìlà máa gùn dé, tí ó jẹ́ 70 látilẹ̀, Emacs kọ̀ jálẹ̀: "This field should contain an integer". Gẹ̀ẹ́sì ni, àmọ́ ó yé e.

Ẹjọ́ tí mo ní kì í ṣe kékeré. Ojú ewé Customize kò wuni wò. Àwọn tó ń kọ àfikún Emacs náà ń ṣọ̀lẹ: wọ́n á kọ `string` (ọ̀rọ̀ lásán), wọ́n á wá fi `nil` (òfìfo, tí kì í ṣe `string`) ṣe iye ìbẹ̀rẹ̀, ni ojú ewé yóò bá kọ "mismatch", tí yóò sì da Lisp lásán síta. Ẹni tó kọ `sexp`, tó ń gba ohunkóhun tó bá ṣáà ti jẹ́ Lisp, ló burú jù. Ó pe èèyàn wá jẹun, ó gbé iṣu tútù kalẹ̀. `setq` pàápàá, tí a fi ń yí iye padà nínú kóòdù, kì í yẹ irú wò. `setopt` tó bá Emacs 29 dé ní 2023 ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì ń kìlọ̀, òun ni kí ẹ máa lò.

VS Code, ètò míì tí a fi ń kọ kóòdù, sì jù ú lọ níbì kan: nínú `package.json`, fáìlì tí àfikún rẹ̀ ti ń to sẹ́tíǹgì sílẹ̀, `minimum` àti `maximum` ti tó láti fi ààlà sí nọ́ńbà. Ní Emacs, àfi kí n lo `restricted-sexp`, kí n fúnra mi kọ fọ́ńṣọ̀n tó máa yẹ iye náà wò.

Ohun tí Customize bá fi pamọ́, mo ti fi `custom-file` yà á kúrò nínú `init.el`, fáìlì tí Emacs ń kà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Fáìlì `custom-file` yẹn nìkan la máa ń gbé lọ sórí kọ̀ǹpútà kejì.