Kúláǹtì Pupa Toyota Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́: Omi Ló Máa Ń Bà Á Jẹ́

Kúláǹtì ni omi tí à ń dà sínú rádíétọ̀ kí ẹ́ńjìnì má baà gbóná jù. Kúláǹtì pupa Toyota tí wọ́n kọ Long Life Coolant sí lára ni mò ń sọ, kì í ṣe èyí tó jẹ́ pínkì tí wọ́n ń pè ní Super Long Life. Wọ́n ti bu omi la pínkì láti iléeṣẹ́, ìdajì rẹ̀ omi ni, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe dà á sínú ọkọ̀. Ògidì ni pupa ní tiẹ̀. Ẹni tó bá dà á lógidì sínú ọkọ̀ láì bu omi là á, ìgbóná ló fowó rà, nítorí glycol, kẹ́míkà tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í gbé ooru tó omi.

Fún Corolla, Camry tàbí Sienna tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2003, òun ni mo fara mọ́ jù. Kò ní silicate, kẹ́míkà tó máa ń wà nínú àwọn kúláǹtì mìíràn. Phosphate àti organic acid ló fi ń dáàbò bo alumíníọ̀mù inú ẹ́ńjìnì kó má baà dípẹtà. Ẹ má sì ṣe da kúláǹtì aláwọ̀ ewé mọ́ ọn. Oògùn inú àwọn méjèèjì lè bára wọn jà, kó di ẹrẹ̀ tó ń dí ihò tínínrín inú rádíétọ̀.

Phosphate yìí kan náà ni àléébù rẹ̀. Bí omi tí kálísíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ bá pàdé phosphate, á di èépá funfun, á sì lẹ̀ mọ́ inú rádíétọ̀. Ẹ wo inú kẹ́tùlù tí ẹ fi ń se omi kànga tàbí omi bọ́ọ̀hóòlù ilé yín. Bí èépá bá wà níbẹ̀, omi yẹn kò gbọ́dọ̀ kan kúláǹtì yìí rárá. Àwọn kan á sọ pé pure water ló dára jù; pure water mọ́ fún ẹnu ni, kò mọ́ fún rádíétọ̀. Distilled water lẹ ó rà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà tàbí omi bátìrì. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: distilled water ni àwọn kan ń pè ní omi bátìrì, ásíìdì sì ni àwọn mìíràn ń pè bẹ́ẹ̀. Ásíìdì á jẹ alumíníọ̀mù láìpẹ́ láìjìnnà. Ẹ ka ara kẹ́ẹ̀gì dáadáa. Lítà kan distilled water kò ju kílò kan lọ. Tó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.

Òṣùwọ̀n náà ló ń tú àṣírí kúláǹtì gbàrọgùdù. Àwọ̀ kò jẹ́rìí nǹkan kan, aró ni. Bóyá Àràròmí l'Ágodi Gate lẹ ti rà á ni o, bóyá ibòmíràn, ẹ wọn lítà kan ògidì: ó yẹ kó tó kílò 1.1. Bó bá jẹ́ kílò kan géérégé, omi aláró lẹ rà. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ pò ó mọ́ omi lọ́gbọọgba nínú ìgò kékeré, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì (bí iná bá gbà). Ojúlówó kò ní dì, nítorí ó dìgbà tí òtútù bá tó -37°C kó tó dì, fírísà ilé kì í sì í kọjá nǹkan bíi -18°C. Ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ oúnjẹ, májèlé ni.

Ní ti ìṣirò: Corolla oní-ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE ń gba bíi lítà mẹ́fà àtààbọ̀. Gálọ́ọ̀nù kan, lítà 3.78, á di lítà méje àtààbọ̀ bí ẹ bá fi omi là á lọ́gbọọgba. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣì í ṣe nìyí: wọ́n á fi omi fọ ẹ́ńjìnì, wọ́n á ṣí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ rádíétọ̀, bíi lítà mẹ́ta péré á jáde, wọ́n á wá da èyí tí wọ́n ti là nínú báákẹ́ẹ̀tì sí i. Omi tó kù nínú bílọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnì gan-an, ṣì tó lítà mẹ́ta àtààbọ̀! Kúláǹtì inú ọkọ̀ yẹn kò wá pé ìdá kan nínú mẹ́rin, bó bá sì ti dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta, agbára rẹ̀ láti dènà ìpẹtà ti dínkù. Ògidì lítà mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n dà, omi inú bílọ́ọ̀kù á là á fúnra rẹ̀, á sì súnmọ́ ìdajì. Ìdí nìyẹn tí ìfọ̀ tó kẹ́yìn fi gbọ́dọ̀ jẹ́ distilled water. Òun ló máa kù nínú.

Yìnyín kì í bọ́ n'Ìbàdàn, nítorí náà ogójì kúláǹtì sí ọgọ́ta omi náà dára. Mo ṣì fẹ́ ìdajì sí ìdajì, torí pẹ̀lú ìdérí rádíétọ̀ tó ń fi agbára bíi 1 bar (òṣùwọ̀n ìtì) ti omi mọ́ inú, kò ní hó títí yóò fi kọjá 120°C, ẹni tó bá ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road lọ́sàn-án gangan mọ ìwúlò ìyẹn. Rọ́bà ìdérí tó ti le kò lè ti nǹkan kan. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù kí ẹ tó ṣí ìdérí. Tí ẹ bá ti dà á tán, ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè gẹ̀rẹ́, ẹ yí hítà sí gbígbóná pátápátá, ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ máa tẹ họ́ọ̀sì òkè títí afẹ́fẹ́ á fi jáde tán. Tí fáànù bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dé e. Nínú ike kékeré tí kúláǹtì ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rádíétọ̀, láàárín LOW àti FULL ni kí kúláǹtì wà, àdàlù kan náà ni kí ẹ sì fi kún un.

Kò sí kúláǹtì tó lè gba ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ thermostat rẹ̀ dànù. Thermostat ni ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sí rádíétọ̀ bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tó, ó ní ìwọ̀n tó fi ń ṣí, bíi 82°C. Láìsí i, ẹ́ńjìnì á tutù jù, á máa mu epo, nínú ẹ́ńjìnì mìíràn sì rèé, omi á gba ọ̀nà àbùjá padà láì kọjá nínú rádíétọ̀, ọkọ̀ á tún wá gbóná jù. Bákan náà, bí ẹ bá rí ìfòfò nínú rádíétọ̀ tàbí kí epo ẹ́ńjìnì dà bíi mílíìkì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ló ti bàjẹ́, ẹ má fowó ra kúláǹtì ná.

Ọdún méjì tàbí bíi 48,000 kìlómítà ni mo fi ń pààrọ̀ kúláǹtì yìí. Èyí tí ẹ bá tú dànù, inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kó wà, kì í ṣe gọ́tà: ó dùn lẹ́nu, ewúrẹ́, ajá àti ọmọdé á sì lá a.