Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n wọ́n so wáyà lódì

Ọjọ́rú tó kọjá ni mo mú ìyá ọkọ mi lọ ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń kọ iná inú ọkàn sórí bébà, ní ilé àyẹ̀wò kan n'Íbàdàn, torí dókítà ojú ní òun fẹ́ rí i kí òun tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. ₦8,000 la san, a ò sì jókòó pẹ́ tí wọ́n fi pè wá. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ọmọbìnrin tó ń ṣe é sì mọ èèyàn kí.

Bí Màmá ṣe rí wáyà mẹ́wàá, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná ò ní gbé mi báyìí?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Rárá o, Mà. Iná tiyín là ń gbọ́, a ò fún yín ní tiwa.”

Ó wí ire. Láyé Einthoven, ará Holland tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1924 nítorí iṣẹ́ yìí, inú garawa omi iyọ̀ ni wọ́n ti ń ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ̀. Màmá ìbá ti sá lọ.

Bébà jáde. Ẹ̀rọ ti kọ ọ́ sókè pé ó ṣeé ṣe kí apá kan iṣan ọkàn wọn ti kú. Ọmọ náà fẹ́ fi í sínú àpòòwé, mo ní kó jẹ́ n wò ó. Ọdún 26 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ní lead I, ọ̀kan lára ojú tí ẹ̀rọ fi ń wo ọkàn, P, QRS àti T, ìyẹn àwọn ìlà tí ọkàn ń yà sórí bébà nígbà tó bá lù, gbogbo wọn ló dojú dé. aVR, ojú tó ń wò láti apá ọ̀tún, tó yẹ kó dojú dé, òun ló wá nà ró gangan.

Wáyà mẹ́wàá ni o, ṣùgbọ́n ojú méjìlá la fi ń wo ọkàn, bí èrò ṣe ń yí egúngún ká lágbo: ẹni iwájú rí ojú ẹ̀, ẹni ẹ̀yìn rí ẹ̀yìn ẹ̀. Apá òsì ni lead I ti ń wò. Iná tó bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, á fa ìlà rẹ̀ sókè. Èyí tó bá kẹ́yìn sí i, á fà á sísàlẹ̀. Òkè lápá ọ̀tún ni iná ọkàn sì ti ń gbéra, tí á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá òsì. Òkè ló yẹ kí lead I kọ sí.

Àwọn tí ọkàn wọn wà lápá ọ̀tún wà lóòótọ́, wọn ò pọ̀. Ṣùgbọ́n lára tiwọn, R, ìyẹn ṣóńṣó tó ga nínú QRS, á máa kéré sí i láti V1 dé V6, àwọn ojú mẹ́fà tí wọ́n ń so sí àyà. Ti Màmá ń ga sí i bó ṣe yẹ.

Mo ká aṣọ kúrò. Wáyà pupa, tó jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún lára ẹ̀rọ wọn, wà lọ́wọ́ òsì. Yẹ́lò wà lọ́tùn-ún. Ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ lọmọ náà dúró sí, tó kọjú sí Màmá. Ọ̀tún tiẹ̀ ló pè ní ọ̀tún.

Ó tún un so. Lead I dìde, ọ̀rọ̀ iṣan tó kú pòórá lórí bébà. Wọn ò gba owó kún un.

Ọ̀gá wọn ló bí mi nínú. Ó ní ẹ̀rọ àwọn kì í ṣàṣìṣe. Ẹ̀rọ ò kúkú ṣàṣìṣe. Ohun tí wọ́n so mọ́ ọn ló kà. Ká ní mi ò sí níbẹ̀, bébà àkọ́kọ́ ni dókítà ojú ìbá rí.

Màá padà síbẹ̀, torí ó súnmọ́ ilé, ọmọ yẹn sì gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èmi ni màá so ti ọwọ́.