Ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí: ibi tó ti wúlò àti ibi tó kù sí

Ìpàdé kì í ṣe ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ látọjọ́ pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé dá a dúró, kó wá gbára lé ìpàdé nìkan. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ á ti máa gbọ̀n, èèyàn á máa làágùn. Gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Tó bá wá di nǹkan bí ọjọ́ kẹta, ẹlòmíì á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kò ní mọ ibi tó wà mọ́, ara rẹ̀ á sì gbóná. Èyí máa ń pa èèyàn. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Òun náà ló lè kọ oògùn bíi naltrexone tàbí acamprosate fún yín, èyí tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí. Bí ẹnikẹ́ni nípàdé bá ní kí ẹ da oògùn dókítà nù, ẹ má ṣe dá a lóhùn.

Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA, ló rọrùn jù láti rí. Ìlú Akron ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1935. Owó kankan kò pọn dandan. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó wù yín láti jáwọ́. Áàpù Meeting Guide máa ń fi ìpàdé tó wà nítòsí hàn, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn ìpàdé kan wà fún gbogbo èèyàn, àwọn kan sì wà fún àwọn tó níṣòro ọtí nìkan, torí náà ẹ má mú ọ̀rẹ́ lọ síbi tí wọn ò ti ní gbà á wọlé. Wọ́n sì lè ti kó ìpàdé kúrò níbi tí áàpù kọ sílẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Al-Anon, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1951, jẹ́ ti ẹbí ẹni tó ń mutí, kì í ṣe ti ẹni tó ń mu ún. Àwọn èèyàn máa ń ṣi èyí mú gan-an.

Ìpàdé kan sábà máa ń gba wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀. Wọ́n á kàwé díẹ̀, wọ́n á béèrè bóyá ẹni tuntun wà, lẹ́yìn náà ni kálukú á sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sọ orúkọ yín, ẹyọ kan tó. Bí ẹ ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ sọ pé ẹ kàn wá gbọ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín. Nínú AA, ẹnikẹ́ni kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Wọ́n lè gbé apẹ̀rẹ̀ owó kọjá, wọn ò retí pé kí ẹni tuntun fi nǹkan kan sí i.

Bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run inú ìgbésẹ̀ 12 tí AA ń tẹ̀ lé láti jáwọ́ kò bá bá yín lára mu, ẹ dán SMART Recovery wò. Láti ọdún 1994 ló ti wà. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ló ń darí rẹ̀, ẹ lè dá ara yín lóhùn, iṣẹ́ ibẹ̀ sì dá lórí bí ọkàn ṣe ń ronú nígbà tí òùngbẹ ọtí bá dé. Ní tèmi, ìlànà rẹ̀ ṣe kedere ju ti AA lọ, àmọ́ ìpàdé rẹ̀ ò pọ̀ tó. AA ò sì kéré rárá: àkójọ ìwádìí 27 tí Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, gbé jáde lọ́dún 2020 fi hàn pé ètò tó ń tọ́ èèyàn sọ́nà AA ń ran àwọn tó fẹ́ pa ọtí tì pátápátá lọ́wọ́, ó kéré tán bí àwọn ìtọ́jú tó lórúkọ.

Ẹ má fi ìpàdé kan ṣoṣo dájọ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàkóso ara rẹ̀, torí náà ọ̀kan lè dùn, kí èkejì jẹ́ ibi tí ẹnì kan ti ń gba gbogbo àkókò, tàbí ibi tí wọ́n ti ń fi ọtí tí wọ́n mu nígbà kan yangàn. Ẹ lọ sí mẹ́fà, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń wá olólùfẹ́ láàárín àwọn ẹni tuntun, wọ́n wà. Àdéhùn sì ni bíbo àṣírí, kì í ṣe òfin. Ọ̀rọ̀ tó lè gbé yín dé kọ́ọ̀tù, lọ́yà ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́.

Lójú mi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìpàdé ló níye lórí jù. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń gba nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá sá jáde bí wọ́n ṣe parí ti fi ìdajì ohun tó wá gbà sílẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì pe wọ́n lọ́jọ́ tí nǹkan kan ò ṣe yín, kó má bàa nira láti pè wọ́n nígbà tí òùngbẹ bá dé. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí onígbọ̀wọ́, ìyẹn ẹni tó máa mú yín la ìgbésẹ̀ náà kọjá. Ọ̀pọ̀ máa ń mú ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ jù. Ẹni tó máa ń dáhùn tí wọ́n bá pè é lẹ nílò, tó ti pé ọdún kan ó kéré tán láìmutí, tó sì ti ṣe ìgbésẹ̀ 12 náà tán.

Ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì dára lóru, nígbà tí kò sí ìpàdé kankan nítòsí. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti pa fídíò, kéèyàn sì pòórá, torí náà ẹ fi kún ti ojúkojú ni, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá mutí lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ ṣì lè lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á ní kẹ́ ẹ kàn gbọ́, kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ débẹ̀. Ẹ pe ọ̀kan nínú nọ́ńbà mẹ́ta yẹn pé kó wá gbé yín.