5 cm leGrW 36: mọ́tà tí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ pọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti gbọ́ pé Jámánì ló ṣe nǹkan ìjà kan nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n á ti gbà láìwò ó pé kò sírú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ yẹ 5 cm leichter Granatwerfer 36 (leGrW 36) wò, mọ́tà kékeré tí àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ wọn ń gbé kiri (mọ́tà ni páìpù tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù sókè kó lè já lu ọ̀tá, 5 cm sì ni fífẹ̀ ẹnu ẹ̀), torí pé eléyìí ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ṣe é dáadáa, ó gún régé, àmọ́ wàhálà tó wà nínú rírù ú kiri pọ̀ ju àǹfààní tí sójà ń rí lára ẹ̀ lọ.

Iléeṣẹ́ Rheinmetall-Borsig ló ṣe é, 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tó máa fi di 1936 iléeṣẹ́ ológun ti gbà á wọlé. Èrò tó bí i dáa gan-an o: kí plàtúùnù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ sójà kékeré, ní ohun tí wọ́n á fi ju bọ́ǹbù kọjá ibi tí apá èèyàn lè jù ú dé, kí wọ́n má máa dúró de àwọn tó ń yin àgbá ńlá lẹ́yìn lọ́hùn-ún kí wọ́n tó lè lé ọ̀tá kúrò nínú kòtò.

Ẹ wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Páìpù ẹ̀ ò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 46 lọ, orí pátákó irin ló jókòó lé, kò ní ẹsẹ̀ méjì gbọọrọ tí mọ́tà ńlá máa ń ní. Tí wọ́n bá fẹ́ yìn ín, wọ́n á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọ̀kan á máa yí síkúrù díẹ̀díẹ̀ títí lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń fi hàn pé nǹkan ò dagun, á fi dúró sójú kan, èkejì á ki bọ́ǹbù sẹ́nu páìpù, bọ́ǹbù á yọ̀ lọ sísàlẹ̀, á sì dúró síbẹ̀. Kò tíì ní jáde o, àfi tí wọ́n bá fa irin kan nísàlẹ̀. Èyí wù mí gan-an, torí lára mọ́tà tí Wilfred Stokes, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1915, bọ́ǹbù bá ti kan ìsàlẹ̀ báyìí, ó ti lọ nìyẹn, àmọ́ tibí yìí, ẹni tó ń yìn ín ló máa sọ ìgbà tó máa jáde.

Ibi tí ó ti bà jẹ́ nìyí. Kìlógíráàmù 14 ni gbogbo ẹ̀, bọ́ǹbù ẹ̀ ò wúwo ju gíráàmù 900 lọ, ibi tó sì lè jù ú dé ò ju mítà 520. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn, mọ́tà onínṣì méjì, èyí tí sójà ẹlẹ́sẹ̀ wọn ń lò ò tó kìlógíráàmù márùn-ún, bọ́ǹbù ẹ̀ tó kìlógíráàmù kan, ó sì ń jù ú dé nǹkan bíi mítà 450. Kí wá ni kìlógíráàmù mẹ́sàn-án tó lé yẹn ń ṣe? Síkúrù ni, lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni, àti awò ìfojúsùn tí wọ́n tún so mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀, tí àwọn fúnra wọn yọ kúrò ní 1938 nígbà tí wọ́n rí i pé kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, ilà funfun kan tí wọ́n kùn sára páìpù ni wọ́n wá fi rọ́pò ẹ̀. Ó dùn mí láti rí i kà pé irú làákàyè bẹ́ẹ̀ lọ sórí nǹkan tí ò nílò ẹ̀.

Nígbà tí ogun dé Rọ́ṣíà, tí mọ́tà onímìlímítà 50 tàwọn yẹn ń ju bọ́ǹbù dé mítà 800, ọ̀rọ̀ ti hàn gbangba. 1941 ni wọ́n dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀ dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o kúrò lójú ogun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo fún un, iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ ló sì gba púpọ̀ níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ṣiṣẹ́ gidi, 8 cm Granatwerfer 34 ni. Irú èyí tí Stokes ṣe, tí Edgar Brandt ní Faransé tún ṣe dáadáa sí i, ni wọ́n tẹ̀ lé, kò sí àrà kankan níbẹ̀: páìpù, pátákó ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ méjì. Kìlógíráàmù 62 ni, àmọ́ ó pín sí mẹ́ta, èèyàn mẹ́ta á ru ú, bọ́ǹbù ẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù mẹ́ta ààbọ̀, ó sì ń dé mítà 2,400. Wọ́n ṣe ju 70,000 lọ. Ẹ̀rù ẹ̀ ba àwọn tó dojú kọ ọ́ gan-an, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì bá a lọ, àmọ́ lójú tèmi, àwọn tó ń yìn ín ni wọ́n kọ́ dáadáa, torí mọ́tà tàwọn yòókù tó jẹ́ irú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Ti 12 cm Granatwerfer 42 ńkọ́? Ti Rọ́ṣíà ni wọ́n rí gbà lójú ogun, ó dára lójú wọn, wọ́n sì dà á kọ. Bọ́ǹbù ẹ̀ ń lọ sí nǹkan bíi kìlógíráàmù 16, ó ń dé kìlómítà mẹ́fà, táyà méjì ni wọ́n sì fi ń fà á torí kìlógíráàmù 285 kì í ṣe ẹrù èjìká. Mo fún un ní mẹ́sàn-án.