Páwà báǹkì 20,000 mAh tí mo rà ní Tákìé: iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ibi tó kù sí

Iná ìjọba ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà tó bá wù ú ló ń dé. Èmi ò kúkú ra páwà báǹkì yìí nítorí kí fóònù má baà kú nìkan. Ohun tó ń dùn mí jù ni kí n máa gbé fóònù mi sílẹ̀ fún àwọn tó ń báni ṣáàjì. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á to fóònù lé ara wọn lórí bí iṣu, jẹnẹrétọ̀ kékeré á máa gbé iná lọ sókè-sódò, àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì yín á sì máa wọlé lójú gbogbo ayé. Ní báyìí, páwà báǹkì ni mò ń fún wọn. Fóònù àti síìmù mi wà lápò mi. Bí iná wọn bá tilẹ̀ ya wèrè, kì í ṣe fóònù ló máa kọ́kọ́ bá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nọ́ńbà mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń bá oníṣọ́ọ̀bù jà. Bátìrì fóònù mi jẹ́ 5,000 mAh, ẹni tó bá sì fi 5,000 pín 20,000 á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ kó kún. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Iná 3.7 volt tó wà nínú páwà báǹkì gbọ́dọ̀ di 5 volt kó tó jáde, fóònù náà á tún yí i padà sí ìwọ̀n tí bátìrì tirẹ̀ lè gbà; nínú ìyípadà méjèèjì, díẹ̀ ń ṣòfò, ó ń di ooru. Bí ẹ̀ẹ̀mejì àti ààbọ̀ ni tèmi ń kún. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó: nọ́ńbà kejì máa ń wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, tó kéré sí ti iwájú, pẹ̀lú 5V lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Òun lẹ máa fi díwọ̀n ohun tẹ́ ẹ̀ ń rà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Pé ó wúwo lọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀rí, torí àwọn kan wà tí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ sí nínú.

Ibi tó ti ń bí mi nínú ni pé kì í tètè kún. Pẹ̀lú ṣájà 10 wáàtì, ó máa ń tó wákàtí mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, iná wo ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Okùn tó bá a wá nínú páálí náà ò dáa.

Ó ń gbóná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà orí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni mo máa ń gbé e sí, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, ká má tíì sọ abẹ́ ìrọ̀rí. Bí bátìrì lithium, irú tó wà nínú ẹ̀, bá wú, kí wọ́n má ṣe lò ó mọ́, kí wọ́n má gún un, kí wọ́n má sì dà á pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ dáná sun. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù ní Ìlọrin lè mú irú èyí dání, torí 74 Wh ni (ìyẹn àpapọ̀ agbára iná tó wà nínú ẹ̀: 20,000 mAh lọ́nà 3.7 volt), kò tó 100 Wh tí wọ́n ń gbà láìbéèrè àṣẹ. Àmọ́ inú báàgì ọwọ́ ni kó wà.

Tẹ́ ẹ bá ní sólà nílé, ẹ fowó yín sápò. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbé ní Under G àti oní-POS tó ń jókòó lábẹ́ agbòòrùn ni mo rò pé ó yẹ, kí wọ́n sáà pààrọ̀ okùn ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá rà á.